Ilẹ̀ Ìjọ Lábẹ́ Ilé Aṣòfin Ísráẹ́lì

Ilẹ̀ tí Knesset, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ísráẹ́lì, wà lórí rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù jẹ́ ti Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti Gíríìkì. Háyà ni wọ́n háyà rẹ̀. Wọn kò rà á.

Ní ọ̀rúndún 19, lábẹ́ ìjọba Ọ́tómánì, ni ìjọ náà ra ilẹ̀ rẹpẹtẹ lẹ́yìn odi ìlú. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ísráẹ́lì sílẹ̀ ní 1948, ìgboro fẹ̀ dé ibẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọ náà fi púpọ̀ nínú ilẹ̀ ọ̀hún háyà fún àjọ Jewish National Fund fún ọdún 99. Wọ́n ṣí ilé Knesset ní 1966.

Àdúgbò Rehavia àti Talbiya náà ní irú ilẹ̀ yìí. Nígbà tí ìjọ ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí apá kan fún àwọn oníṣòwò, ọkàn àwọn olùgbé kò balẹ̀ mọ́.

Ní 2018, wọ́n gbé àbá òfin kan wá tí yóò jẹ́ kí ìjọba lè gba irú ilẹ̀ tí ìjọ ti tà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún náà, àwọn olórí ìjọ ti Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́ pa fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta láti tako àbá náà àti owó orí tí ìlú fẹ́ gbà lórí dúkìá wọn. Ìjọba dá méjèèjì dúró, wọ́n sì tún ṣí ṣọ́ọ̀ṣì náà.