Òwe àti Ọ̀kò Ọ̀rọ̀ nínú Fíìmù Yorùbá

Nínú eré Yorùbá, ohun tí òṣèré sọ kì í sábà jẹ́ gbogbo ohun tó ní lọ́kàn. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó fòwe dá a lóhùn; ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ìyàálé ló ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí. Ní 1975, H. P. Grice, ọ̀mọ̀ràn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé pé àwọn tó ń tàkúrọ̀sọ máa ń retí òótọ́, ọ̀rọ̀ tó mọ níwọ̀n, tó bá ohun tí à ń sọ mu, tó sì yéni. Bí ẹnìkan bá mọ̀ọ́mọ̀ rú ìlànà yìí, olùgbọ́ á wá ìtumọ̀ mìíràn sí i. Níwájú ọba àti àgbà nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó là á mọ́lẹ̀ gan-an ló ń rúfin.

Àṣà yìí ti wà lórí ìtàgé kí fíìmù tó dé. Ní 1964, Hubert Ògúndé, eléré ìtàgé, fi ìtàn ọba bo ọ̀rọ̀ òṣèlú nínú Yorùbá Ronú. Ìbòrí náà kò nípọn tó: ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ títí di 1966.

Ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Òkukù, ẹgbẹ́ eléré ìtàgé Oyin Adéjọbí kì í há ọ̀rọ̀ sórí láti inú ìwé. Wọ́n á fẹnu kò lórí ìtàn, oníkálukú á sì hun ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lórí ìtàgé. Karin Barber, onímọ̀ tó ti kọ́kọ́ ṣèwádìí oríkì ní Òkukù ní àárín àwọn ọdún 1970, bá wọn rìn. Òun àti Báyọ̀ Ògúndíjọ tẹ mẹ́ta nínú eré wọn jáde ní 1994. Oríkì àti eré yìí bára tan: gbólóhùn kan ni akéwì oríkì fi ń pe ìtàn tí kò ní sọ, ẹni tó mọ ìdílé ló ń rẹ́rìn-ín. Inú ẹgbẹ́ yìí ni Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, ti bọ́ sínú fíìmù Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1993.

Ṣaworoidẹ (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ tí Kèlání darí, ló lọ jìnnà jù nínú àṣà yìí. Ó jáde lọ́dún tí ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ ṣe, jọba ní ìlú Jogbo láìṣe ìmùlẹ̀ tó yẹ. Ọ̀pálábà, tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, kò pè é lólè. Ó ń pòwe, ó ń kọrin, ó ń dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Aláṣẹ kò rí gbólóhùn kan dì mú.

Ọ̀pọ̀ fíìmù àgbéléwò kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú ti rí, òṣèré á tún fẹnu ròyìn rẹ̀. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì abẹ́ àwòrán náà kò sì ran òǹwòran lọ́wọ́: ó ń túmọ̀ òwe, kì í sọ ẹni tí òwe ń bá wí.