Ràṣídì Yẹkínì, Ọmọ Tí Bọ́ọ̀lù Ilé Tọ́ Dàgbà

Lọ́dún 1963, Kàdúná ń gbilẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń hun aṣọ ń dìde níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn sì ń rọ́ wá láti ẹ̀yà gbogbo láti wá iṣẹ́ oṣù. Ìlú náà ni wọ́n ti bí Ràṣídì Yẹkínì ní ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ọmọ Yorùbá tí orírun rẹ̀ jẹ́ Irra nílẹ̀ Kwara. Nígbà tó di pé kó máa gbá bọ́ọ̀lù gidi, lọ́dún 1981, ẹgbẹ́ UNTL ló gbà á, ìyẹn ẹgbẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ náà. Bí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹni tó ń sanwó iṣẹ́ ló ń bọ́ agbábọ́ọ̀lù. Rélùwéè ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, UAC ní tirẹ̀, báńkì náà ní tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Teslim “Thunder” Balógun ti gbajúmọ̀ kó tó bá ikọ̀ Nàìjíríà rìnrìn àjò lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1949, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà.

Ní Ìbàdàn, ìjọba ló gbé ẹrù náà. Ẹgbẹ́ WNDC, ti iléeṣẹ́ ìdàgbàsókè ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ló wá di IICC Shooting Stars. Lọ́dún 1976 wọ́n borí Tonnerre ti Yaoundé, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí Nàìjíríà na Àlgéríà ní 3 sí òdo ní Súrùlérè lọ́dún 1980, tí ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà sì di tiwa fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ Shooting Stars ló jẹ góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ 2, Múdà Lawal jẹ 1. Ilé tí Yẹkínì wọ̀ lọ́dún 1982 nìyẹn, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Kì í ṣe ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù dárà. Ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó lè sáré, bó bá sì ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó yìn ín. Bọ́ọ̀lù tó bá fi gbogbo ara gbá, aṣọ́lé a kàn wò ó ni. Lọ́dún 1984 Shooting Stars dé àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ tó gbégbá orókè nílẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n Zamalek ti Íjíbítì borí wọn ní Káírò, ó sì tún borí wọn ní Èkó. Ọdẹ́gbàmí fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà. Ọdún yẹn kan náà ni Yẹkínì wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tí Kamẹrúùnù na ní 3 sí 1 ní àṣekágbá ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní Abidjan.

Ìgbà náà ni owó bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ padà. Àwọn ọlọ́lá dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, olóyè M.K.O. Abíọ́lá sì dá Abiola Babes sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Yẹkínì kó lọ síbẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹgbẹ́ náà gba ife FA lọ́dún 1985, ó tún gbà á lọ́dún 1987. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹgbẹ́ tó dúró lórí àpò ẹnì kan kò lè pẹ́ ju àpò náà lọ. Abiola Babes tú ká. Ilé-iṣẹ́ UNTL tó kọ́kọ́ gba Yẹkínì náà ti ilẹ̀kùn pa lọ́dún 2007. Shooting Stars nìkan ló ṣẹ́ kù, ó ń jábọ́ sí ìpele kejì, ó tún ń padà sókè.

Nígbà tí Yẹkínì ṣì wà ní Abiola Babes, ọ̀nà òkèèrè ti ń ṣí. Lọ́dún 1985 àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà fìyà jẹ agbábọ́ọ̀lù Stephen Keshi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n sì dá wọn dúró. Keshi kọjá sí Abidjan, láti ibẹ̀ ó dé Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn tó tẹ̀ lé e sì pọ̀. Yẹkínì gba ọ̀nà Abidjan náà lọ́dún 1987, sí ẹgbẹ́ Africa Sports. Ó ti pé ọmọ ọdún 26 kó tó fẹsẹ̀ tẹ Yúróòpù, ní Vitória Setúbal, ìlú èbúté àti ẹja pípa kan ní gúúsù Lisbon. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè tó mọ ọ́n. Pápá Kàdúná, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Abidjan ló mọ ọ́n, mo sì gbà gbọ́ pé bí a bá ń ka ìtàn rẹ̀ láti Setúbal, ìdajì ìtàn náà là ń kà.

Ẹgbẹ́ náà já sí ìpele kejì, Yẹkínì kò sá. Ní sáà 1992 sí 1993 ó jẹ góòlù 34, Setúbal padà sókè. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ó jẹ 21 láàárín àwọn ńlá ilẹ̀ Pọ́rtúgàl, kò sì sí ẹni tó jẹ tó o nínú líìgì náà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí àjọ CAF fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáńgájíá jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà, ti ọdún 1993.

Lábẹ́ Clemens Westerhof, akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, Nàìjíríà ń kọ́ ikọ̀ kan díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti pàdánù àṣekágbá ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà lọ́dún 1988, wọ́n tún pàdánù rẹ̀ lọ́dún 1990. Ní Tunis, ní oṣù kẹrin ọdún 1994, wọ́n borí Sáḿbíà ní 2 sí 1, Sáḿbíà tí ikọ̀ rẹ̀ ṣègbé nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú lẹ́bàá òkun Gabon ní ọdún kan ṣáájú. Amunike ló jẹ góòlù méjèèjì lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n Yẹkínì ló jẹ góòlù jù ní gbogbo ìdíje náà, 5.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní Dallas, Nàìjíríà kojú Bùlgáríà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Ife Àgbáyé. Ní ìṣẹ́jú 21, Finidi George gbá bọ́ọ̀lù kọjá láti apá ọ̀tún, Yẹkínì sì tì í sílé. Ó bá bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n lọ, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ihò rẹ̀, ó dì í mú, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ẹkún náà sí ayọ̀ góòlù kan. Lójú tèmi, ẹkún ọdún 13 ni, láti ọjọ́ tó ti wọ aṣọ UNTL. Amokachi àti Amunike fi méjì kún un, ó di 3 sí òdo, Bùlgáríà yìí kan náà ló sì lé Jámánì jáde kó tó dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Ítálì ló dá Nàìjíríà dúró nínú àfikún àkókò.

Lẹ́yìn náà, kò rójú mọ́ ní Olympiacos, bẹ́ẹ̀ ni Sporting Gijón kò gbè é. Ó dé Zürich, ó dé Tùnísíà àti Saudi Arabia, ó padà sí Abidjan. Lọ́dún 1998, ní Ife Àgbáyé ní Faransé, láti orí ìjókòó àwọn arọ́pò ló ti sábà ń wọlé. Ó tún gbá bọ́ọ̀lù nílé fún Julius Berger, ó sì wà ní Gateway l’Abẹ́òkúta lọ́dún 2005, nígbà tó ti lé ní ọmọ ogójì ọdún.

Ìbàdàn ló ń gbé nígbà tí àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2012 ló kú, ọmọ ọdún 48, wọ́n sì sin ín sí Irra. Ó dùn mí pé orílẹ̀-èdè tó pariwo orúkọ rẹ̀ kò ní ètò kankan tó dúró ṣinṣin fún ìtọ́jú agbábọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìn tì, nítorí orí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé ìwọ̀nba ògo tí a ní lé.

Góòlù 37 ló jẹ fún Nàìjíríà. Ní ọdún tó kú, ẹni tó tẹ̀ lé e nínú àkọsílẹ̀ náà ni Ọdẹ́gbàmí, tí gbogbo iṣẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ ti Shooting Stars. Àwọn méjèèjì ti jọ wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan náà ní Ìbàdàn.