Òòfà Ayé, Máàpù Àtijọ́ àti Ẹ̀rí Ilẹ̀ ní Èkó

Bí ìjà ààlà bá ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn Yorùbá ní àtijọ́, àgbà àti igi pèrègún ni wọ́n máa ń pè ní ẹlẹ́rìí. Ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Muṣin, ilé ti bo ilẹ̀, wọ́n sì ti hú pèrègún; ìwé ni ẹlẹ́rìí tó kù. Èròǹgbà wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé ìwé ìtàn gan-an ni máàpù àti àkọsílẹ̀ nípa òòfà ayé, bí lẹ́tà àwọn míṣọ́nnárì ṣe jẹ́ ìwé ìtàn, àti pé ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń kà wọ́n lè sọ òtítọ́ di irọ́ láìmọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àríwá gan-an ni abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì máa ń nà sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ayé lọ́hùn-ún, níbi tí irin yíyọ́ ti ń ṣàn káàkiri, ni agbára òòfà tó ń fà á ti ń wá; nítorí náà, agbára yìí kì í dúró sójú kan. Ní nǹkan bí ọdún 1900, abẹ́rẹ́ náà fi ohun tó lé ní dìgírì 10 yà sí ìwọ̀-oòrùn ní Èkó. Lóde òní, ìyàkúrò náà kò tó dìgírì 3. Ẹ jẹ́ kí a mú ilẹ̀ kan ní Sùúrùlérè tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Bí awọnlẹ̀ ayé ìgbà náà bá fi kọ́ńpáàsì ya ààlà rẹ̀, tí ẹlòmíràn wá fi kọ́ńpáàsì òní tẹ̀ lé nọ́ńbà kan náà láìṣe àtúnṣe, dìgírì 7 péré yóò ti mú kí ìparí ìlà náà fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 12 yà. Ìyẹn tó láti wọ yàrá aládùúgbò. Àwọn méjèèjì kò sì purọ́.

Ta ni ó wá ń kọ ìrìn abẹ́rẹ́ yìí sílẹ̀? Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì káàkiri àgbáyé pawọ́ pọ̀ wọn ayé láti oṣù keje ọdún 1957 títí di ìparí ọdún 1958, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti wọn òòfà. Ibi tí Ìbàdàn wà ló jẹ́ kí iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì: kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì òòfà ayé, níbi tí iná mànàmáná tó lágbára ti ń ṣàn lójú ọ̀sán ní nǹkan bíi kìlómítà 100 sókè. Cyril Agodi Onwumechili ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí ìṣàn náà. Òun kan náà ni gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1979 sí 1982. Àwa onímọ̀ èdè Yorùbá mọ ẹni tó gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, jù ú lọ dáadáa. Kò sí ẹ̀rọ ìgbàlódé tó lè padà lọ wọn òòfà ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún 1958.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti máàpù tó ń sọ irú ilẹ̀ àti àpáta tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ní 1919, ìjọba amúnisìn dá iléeṣẹ́ Geological Survey of Nigeria sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ní 1964, Jones àti Hockey gbé iṣẹ́ wọn lórí apá kan ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà jáde. Nínú rẹ̀ ni a ti rí bí àpáta líle tó yọ sókè ní Abẹ́òkúta ṣe ń rì sísàlẹ̀ bí a ti ń sún mọ́ etí òkun, tí òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì wà ní Ewékorò, tí iyanrìn àti amọ̀ sì di ìpele lórí ara wọn lábẹ́ Muṣin àti Yábàá. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ìpele wọ̀nyí ní Muṣin lónìí, àfi kó dúró de ẹni tó ń gbẹ́ kànga.

Láti 1974 sí 1980, wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú wọn òòfà ilẹ̀ Nàìjíríà. Kìlómítà 2 ni ìlà kan sí èkejì. Orí bébà ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti fi rúlà àti pẹ́ńsùlù ka nọ́ńbà orí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n tún un wọ̀n láàrin 2003 sí 2009, tí àlàfo ìlà di mítà 500, a gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ti àtijọ́ ti di pàǹtí. A kò fara mọ́ èyí. Ìwọ̀n tuntun sàn jù fún wíwá ohun alumọ́ọ́nì, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí òòfà ṣe rí ní 1974.

Olùkọ́ tó bá mú máàpù wọ kíláàsì, etí rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kà: ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ iye tí abẹ́rẹ́ fi yà sí, ọdún tí wọ́n wọ̀n ọ́n, àti bó ṣe ń yí padà lọ́dọọdún. Nínú ọ́fíìsì kan tí a dé ní Èkó, wọ́n ká máàpù jọ sábẹ́ òrùlé tó ń jò. A tú ọ̀kan wò. Yábàá hàn ketekete nínú rẹ̀, títí kan ojú ọ̀nà rélùwéè tó gba ibẹ̀ kọjá. Etí ìsàlẹ̀, níbi tí ọdún wà, ni omi ti sọ di jákujàku.