Kí Ni Kí A Pe Iṣẹ́ Síídì?

Bí fúùsì bá gé, bí gílóòbù bá kú, bí mọ́tò ẹ̀rọ ìlọta bá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn tó ń tún iná ṣe ń sọ ní ilẹ̀ Èkìtì, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìdó: “Ó ti jó.” Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ tí kò mọ̀ pé nǹkan náà ti bàjẹ́. Nítorí èyí ni mi ò fi gbà kí a máa sọ pé a “jó” síídì. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ọgbà yunifásítì a máa sọ pé àwọn fẹ́ “bọ́ọ̀nù” rẹ̀. Bí o bá ní kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́, “jó” ló ń wá sí wọn lẹ́nu. Ẹ wá wo ìyá tó gbé fídíò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ wá, tí ọmọ iṣẹ́ wá sọ fún un pé, “Mọ́mì, síídì yín ti jó.” Owó ni ìyá yẹn máa bèèrè padà.

Ẹnìkan lè sọ pé ìgbà síídì ti kọjá. Ní ìlú ńlá, bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí rédíò rẹ̀ kò mọ nǹkan mìíràn ju síídì lọ ṣì ń rìn lọ́nà Ìkọ̀lé sí Ọ̀yẹ́, ìjọ tó fẹ́ kí wáàsù dé ọwọ́ àgbàlagbà tí kò ní fóònù ayélujára ṣì nílò rẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn sì ṣì ń kó àwòrán inú ara sórí síídì fún aláìsàn láti gbé lọ bá dókítà mìíràn. Bí aláìsàn bá gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, tí ẹ̀rọ ibẹ̀ kò sì rí i kà, ìyà gidi nìyẹn fún ẹni tó ń ṣàìsàn.

Ọ̀rọ̀ ti Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, náà wà níbẹ̀. Fún bí ọdún mẹ́fà ni ilé iṣẹ́ Canonical fi ń fi síídì Ubuntu, irú Linux kan, ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè, ní orílẹ̀-èdè yòówù kó wà. Wọ́n dá a dúró ní 2011. Ọdún 2011 yẹn gan-an ni ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì Ọ̀yẹ́-Èkìtì sílẹ̀, tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ wà ní Ìkọ̀lé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa dé nígbà tí síídì ọ̀fẹ́ ti tán, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é ni. Iṣẹ́ ọwọ́ sì ni iṣẹ́ yìí. Ó yẹ kí ọ̀gá lè fi èdè tó fi ń bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́ kọ́ ọ.

Kì í ṣe òní la bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún iṣẹ́ àti ìmọ̀ tuntun. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí Yorùbá àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé. Ní 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe àbójútó ìkejì. Àwọn ìwé yẹn ni olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ fi ń kọ́ni títí di òní. Ohun tí mo rí kọ́ lára wọn ni pé ọ̀rọ̀ tuntun máa ń pẹ́ láyé bó bá sọ ohun tí nǹkan ń ṣe, tí kò sì gùn ju èyí tí ẹnu lè gbé lọ. “Ayárabíàṣá” dùn létí, ṣùgbọ́n eré tí kọ̀ǹpútà ń sá nìkan ló sọ, kò sì sí oníṣọ́ọ̀bù kan tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń sọ. Fáìlì ni fáìlì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu aráyé, mi ò rí ìdí tí a ó fi gbà á kúrò.

Síídì fúnra rẹ̀ ti ní orúkọ. Láti ayé giramafóònù la ti ń pe irú nǹkan yìí ní àwo. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ orin ẹ̀mí ní Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone, títí di òní la sì ń sọ pé olórin “gbé àwo jáde”. “Àwo” náà tó fún síídì.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ṣòro. Mi ò gba “jó”. “Sun” sún mọ́ ọn díẹ̀, torí àwọn amọ̀kòkò Ìsàn-Èkìtì máa ń sun ìkòkò kó lè le ni, wọn kì í sun ún kó lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ara ìkòkò ni iná ń dé, àwo síídì kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ike tó nípọn tó mìlímítà 1.2 ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwo náà. Nínú àwo òfìfo tí a ń rà, àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà láàárín ike yìí àti fàdákà tó ń dán. Ìtànṣán lésà á gbóná mọ́ àwọ̀ náà ní ojú kéékèèké, lórí ipa kan ṣoṣo tó ń yí po láti àárín lọ sí etí. Ojú tó bá gbóná kò ní dá ìmọ́lẹ̀ padà dáadáa mọ́. Nígbà tí a bá fẹ́ kà á, lésà tí a ti dín agbára rẹ̀ kù á tọ ipa yẹn, á sì mọ ibi tó ń dán yàtọ̀ sí ibi tó ṣú. Kò sí eérú níbẹ̀, ohun kan kò sì run.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni “kọ” á tẹ́ lọ́rùn, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀: a ń kọ ìwé, a ń kọ orin, a ń kọ ilà. Wàhálà rẹ̀ wà lórí tábìlì iṣẹ́. Bí ọ̀gá bá ní, “Kọ ọ́ sórí síídì,” ṣé kí ọmọ iṣẹ́ mú bírò ni, kó kọ orúkọ oníbàárà sí ẹ̀yìn àwo, àbí kó kó fáìlì sí i? Ojoojúmọ́ la ń ṣe méjèèjì, nígbà míì láàárín ìṣẹ́jú kan náà.

“Fín” ni mo mú. Ẹni tó ń fín igbá ń fi àmì kéékèèké sára ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀, ó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí sí, àmì náà kì í sì í parẹ́. Ohun tí lésà ń ṣe sára àwọ̀ náà gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo mọ̀ pé àgbẹ̀ kòkó ní Ìkọ̀lé á sọ pé òun ń lọ fín oògùn. Ohun tí ọ̀rọ̀ bá gbé dání ló ń ya ìtumọ̀: oògùn ni tibẹ̀, àwo ni tibí. Ẹ̀rọ tó ń ṣe é á jẹ́ afínàwo. Síídì tí ilé iṣẹ́ ńlá ń fi mọ́ọ̀dù tẹ àmì sí lára nígbà tí ike ṣì rọ̀ á jẹ́ àwo títẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń tẹ ìwé, tiwa á jẹ́ àwo fífín. Ìyàtọ̀ yẹn wúlò gan-an fún atúnrédíòṣe, nítorí ẹ̀rọ àtijọ́ mìíràn wà tó ń ka àwo títẹ̀ tí kò lè ka àwo fífín.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù ni mo wá fẹ́ dúró sí. Lésà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kì í fẹ́ dúró. Ìwọ̀n eré àkọ́kọ́ jẹ́ kílóbáìtì 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fín àwo ní ìlọ́po 16, ó ń jẹ mẹ́gábáìtì 2.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà kì í fìgbà gbogbo rí i gbé wá déédéé. Ìdí nìyí tí afínàwo fi ní ìrántí kékeré kan tó ń kó fáìlì pa mọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ lésà. Àmù ni mo pe ìrántí yìí. Ilé tó ní àmù, bí ẹni tó lọ pọn omi bá pẹ́ lódò, wọ́n á ṣì rí omi mu. Ṣùgbọ́n àmù tó gba mẹ́gábáìtì 2 lè gbẹ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Láyé àtijọ́, bí àmù bá ti gbẹ, àwo yẹn ti ṣòfò. Ní nǹkan bí 2000 ni ilé iṣẹ́ Sanyo mú ọgbọ́n kan jáde: lésà á dúró, á sàmì sí ibi tó dé, á sì máa bá a lọ nígbà tí omi bá tún dé. Lórí Linux, ètò wodim tó ń fín àwo, tí àwọn ará Debian yà kúrò lára cdrecord tí Jörg Schilling ará Jámánì kọ, ní àmù tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ó gba mẹ́gábáìtì 4 bí a kò bá fọwọ́ kàn án. Àṣẹ tí mo ń fún ọmọ iṣẹ́ nìyí:

wodim -v dev=/dev/sr0 speed=16 fs=16m driveropts=burnfree -dao wasu.iso

“fs=16m” ń mú àmù tóbi sí i, “burnfree” sì ni ààbò fún àmù gbígbẹ. Ọmọ iṣẹ́ tó mọ ohun tí àmù jẹ́ á mọ̀ fúnra rẹ̀ pé kò yẹ kí òun máa fa fáìlì láti ara fúláàṣì tó ń falẹ̀, pé kí òun kọ́kọ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, pé ìlọ́po 52 kò sì ṣe é lóore. Kò sí ààbò àmù kankan tó lè gba àwo là bí iná bá lọ pátápátá. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ kún ni kí wọ́n fi fín in.

Fáìlì “wasu.iso” yẹn, tó kó gbogbo ohun tó máa wà lórí àwo dání, ni mò ń pè ní ẹ̀dà-àwo. “Àwòrán”, ìyẹn ìtumọ̀ “image”, á ṣi ènìyàn lọ́nà, a ó máa rò pé fọ́tò ni. Ẹ̀dà-àwo sì ni ibi tí èdè wa fúnra rẹ̀ ti ń jìyà. Òfin ISO 9660 ti 1988, lórí bí a ṣe ń to fáìlì sórí síídì, kò mọ̀ ju A dé Z, òǹkà, àti ìlà ìsàlẹ̀ lọ. Nínú ìpele rẹ̀ tó le jù, orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ, kí mẹ́ta tẹ̀ lé àmì ìdánudúró. “Ọkọ̀”, “ọkọ́” àti “ọkọ”, gbogbo wọn ló máa pàdánù àmì orí àti ìsàlẹ̀ wọn. Kí ọmọ iṣẹ́ fi -J àti -R kún àṣẹ tó ń ṣe ẹ̀dà-àwo ni àtúnṣe rẹ̀: -J gba lẹ́tà gbogbo èdè fún Windows, ó sì fàyè gba ààyè lẹ́tà 64, -R ń pa orúkọ gígùn mọ́ fún Linux. Kó rántí pé “ẹ́” àti “ọ̀” ń gba ààyè méjì-méjì, torí àmì ohùn orí wọn dá dúró gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà. Àkọlé wáàsù tó gùn lè gé níbi tí kò retí.

Fún fífín tí lésà kò ní gbéra títí tí àwo á fi parí, mo sọ pé àfínlọ; òun ni “-dao” nínú àṣẹ òkè yẹn. Èyí tó ń dúró láàárín orin kan sí èkejì jẹ́ àfíndúró, ó sì máa ń fi àlàfo ìṣẹ́jú àáyá méjì síbẹ̀. Ìsìn tí a gbà sílẹ̀ láìdánudúró kò yẹ fún àfíndúró. Lẹ́yìn àfíndúró ni a ó pa àwo dé, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ á kọ àkóónú rẹ̀ sí àárín. Àwo tí a kò pa dé kì í sábà kọrin nínú mọ́tò.

Ó ku ẹ̀rí, òun ni àwọn ọmọ iṣẹ́ sì máa ń fò jù. Wọ́n rí i pé ẹ̀rọ ti àwo jáde, wọ́n rò pé iṣẹ́ parí. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ti fín àwo títí yóò fi kà á padà. Ètò sha256sum á ka gbogbo ẹ̀dà-àwo, á sì fún wa ní lẹ́tà àti òǹkà 64, èyí tí mo pè ní òǹkà-ẹ̀rí. A ó tún ṣe bákan náà fún ohun tó wà lórí àwo, kí a wò ó bóyá méjèèjì bára mu. Ibi kan wà tó ń dẹ́rù bani láìnídìí: nínú àfíndúró, ẹ̀rọ a máa fi abala díẹ̀ tó ṣófo sí ìparí, bí a bá kà á dé etí, òǹkà-ẹ̀rí á yàtọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwo dára. Abala kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 2048, àwo ìṣẹ́jú 80 sì ní 360,000. Kí a pín ìwọ̀n ẹ̀dà-àwo sí 2048, kí a sì ka iye abala yẹn nìkan:

dd if=/dev/sr0 bs=2048 count=IYE | sha256sum

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi “à-” ṣẹ̀dá àfínlọ àti àfíndúró. Ẹ̀ka èdè Èkìtì a máa fi “u” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, “ulé” ni ilé lẹ́nu àwọn àgbà wa, ọ̀rọ̀ tó bá fi “ì-” bẹ̀rẹ̀ sì lè di méjì láàárín ìwé àti ẹnu. Èyí tó fi “à-” bẹ̀rẹ̀ kò ní yí padà. Ní báyìí, bí ọmọ iṣẹ́ bá pè mí láti Ìdó pé, “Ọ̀gá, àmù ò gbẹ, mo sì ti pa á dé, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ò bára mu,” mo ti mọ̀ pé kí n bi í léèrè bóyá àfíndúró ló lò, àti iye abala tó kà.