Tútù Kì Í Ṣe Èébú

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ń kọ́ni ní Yorùbá nílé-ìwé, mo gbé ìwé àròkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi wálé sí Ògìdì. Ìyá mi wà nídìí òfì, mo sì ń ka ọ̀kan sí i létí. Nínú ìtàn náà, wọ́n wá túfọ̀ fún ọkùnrin kan pé ìyá rẹ̀ ti kú, ọkùnrin yìí sì fi ohùn tútù dáhùn. Ìyá mi dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Kò jẹ́ kí ìbànújẹ́ da òun lórí rú."

Ohun tí ọmọ náà ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn. Ó fẹ́ ká mọ̀ pé ikú ìyá rẹ̀ kò ká ọkùnrin náà lára rárá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ibi tí ọ̀nà ọ̀rọ̀ yìí ti pínyà.

Nílẹ̀ Ìjùmú wa, níbi tí Ògìdì wà, ire ni tútù. Omi tútù la kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò. Bí ìjà bá parí, a ní ọ̀rọ̀ ti tutù. Oníwà tútù ni òbí ń wá fún ọmọ rẹ̀ láti fẹ́. Omi ìgbín, tí àwọn àgbà ń pè ní omi ẹ̀rọ̀, ni wọ́n fi ń rọ ohun tó bá le, ìgbín náà sì ni oúnjẹ Ọbàtálá. Robert Farris Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1973 lórí ìtutù yìí. Ó rí i pé ẹni tó tutù ni ẹni tó kó ara rẹ̀ níjàánu.

Níbo wá ni ìtumọ̀ kejì gbà wọlé? Mo gbà pé Bíbélì lọ́wọ́ sí i. Samuel Àjàyí Crowther, aṣáájú àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, bá àwọn Òyìnbó gba Odò Ọya dé agbègbè Lọ́kọ́ja ní 1841, kò jìnnà sí wa. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, Bíbélì Yorùbá lódindi sì jáde ní 1884. Nínú Mátíù orí 24, níbi tí Jésù ti ń sọ̀rọ̀ ìgbà ìkẹyìn, ìfẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò tutù. Ìtumọ̀ náà kò ṣìnà, nítorí ọ̀rọ̀ òtútù náà ló wà nínú èdè Gíríìkì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ìyá mi fi ń súre ti ru ẹrù mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ilé-ìwé tún kó ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún wa, níbi tí ẹni tó tutù ti jẹ́ ẹni tí kò láàánú.

Ẹ wo àpẹẹrẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan: Albert Camus, ará Faransé, tẹ ìwé ìtàn àròsọ L'Étranger jáde ní 1942. Meursault, ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀, kò sunkún níbi òkú ìyá rẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì kà á sí i lọ́rùn. Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ túmọ̀ ìwé náà, n kò ní pe Meursault ní tútù láé. Ojú rẹ̀ gbẹ ni mo máa kọ. Ojú gbígbẹ kò ṣeé ṣì gbọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí mo ní kí ọmọ kíláàsì mi wá ọ̀rọ̀ mìíràn, òun gan-an ló mú wá, mo sì fún un ní máàkì tó pọ̀.

Ṣùgbọ́n àwa ará ibí ní àmì àìláàánú tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkun ni wọ́n ń pe gbogbo wa, Ìjùmú, Yàgbà, Ọwé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, nítorí òkun la fi ń kíra. O bá obìnrin nídìí òfì tó dúró gbọnrangandan lára ògiri: òkun o. O bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀: òkun o. Ẹnìkan fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà: òkun o. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mo rí ọ, ohun tó ń ṣe ọ́ kàn mí. Bí òǹkọ̀wé bá fẹ́ fi ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò lára ará rẹ̀ hàn, kí ó mú un kọjá níwájú òfì, kó má sọ òkun. Kò sí ẹni tó máa ka ìyẹn ní Ògìdì tí àyà rẹ̀ kò ní já.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn ní Yorùbá, mo bẹ̀ yín, ẹ dá tútù padà fún àwọn ìyá wa.