Ìró nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá

Ìró nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá jẹ́ apá kan ìmọ̀ ìró àti iṣẹ́ ìkọ́lé. Ó dá lórí bí ọ̀rọ̀, orin àti ìlù ṣe lè dún ketekete nínú ilé ńlá tí wọ́n ń lò fún eré ìdárayá, ìpàdé, ìjọsìn àti ayẹyẹ. Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé ohùn kò lọ sókè tó, bí kò ṣe pé ìró kì í tètè parẹ́.

Okùnfà

Nínú afẹ́fẹ́ tí ooru rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 20 ti Celsius, ìró ń rin nǹkan bí mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ògiri bá jìnnà sí olùsọ̀rọ̀ ní mítà 34, ohùn rẹ̀ yóò padà dé etí rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, gẹ́gẹ́ bí gbohùngbohùn. Sìmẹ́ǹtì, gíláàsì àti páànù ń dá ìró padà. Aṣọ títa, tìmùtìmù àti ara ènìyàn ń fà á mọ́ra. Nítorí náà ni gbọ̀ngàn tó ṣófo fi ń dún ju èyí tó kún lọ.

Ìwọ̀n ìṣẹ́kù ìró

Ìṣẹ́kù ìró ni àkókò tí ìró fi ń lọ sílẹ̀ ní desibẹ́ẹ̀lì 60 lẹ́yìn tí orísun rẹ̀ ti dákẹ́. Wallace Clement Sabine ti Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí rẹ̀ ní 1895. Ó ń kó tìmùtìmù àga wọ inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, ó sì ń wọn ìyàtọ̀ tó ń dé bá ìró. Òfin rẹ̀ ni T = 0.161 V/A: V ni àyè inú ilé, A sì ni agbára ìfàmọ́ra ìró. Bí gbọ̀ngàn bá gùn ní mítà 50, tó fẹ̀ ní 40, tó sì ga ní 12, tí A rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 1,000, ìṣẹ́kù ìró rẹ̀ yóò tó ìṣẹ́jú-àáyá 3.9. Bí A bá di 2,000, yóò di 1.9.

Èdè olóhùn

Ohùn nìkan ló ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Bí ìró sílébù kan kò bá tíì parẹ́ kí èyí tó tẹ̀ lé e tó dé, ohùn méjèèjì á dà pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí fún ọ̀rọ̀ tí dùndún ń sọ.

Àpẹẹrẹ láti Èkó

Ilé Tíátà Orílẹ̀-èdè tó wà ní Ìgánmú, tí wọ́n parí ní 1976 fún FESTAC ti 1977, gba àwòrán rẹ̀ láti ara Ààfin Àṣà àti Eré Ìdárayá ní Varna, Bùlgáríà. Ilé-iṣẹ́ Technoexportstroy ti Bùlgáríà ló kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ gba ènìyàn 5,000, ó sì ní ètò ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí èdè 8 lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2024, wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é.

Àtúnṣe

Fífi kún agbára sípíkà nìkan kì í yanjú ìṣòro, nítorí pé ìró tó ń padà láti ara ògiri náà á lọ sókè. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni fífi ohun tó ń fa ìró mọ́ra sábẹ́ òrùlé àti sára ògiri ẹ̀yìn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí kì í tètè gbiná. Lẹ́yìn náà, sípíkà kéékèèké tó sún mọ́ àwọn ènìyàn, tó sì kọjú sí wọn dípò ògiri, dára ju ńlá méjì níwájú lọ. Èyí tó wà ní mítà 34 sí orí ìtàgé gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá dúró, kí ohùn rẹ̀ lè bá ti iwájú dọ́gba. Máíkì kò gbọdọ̀ wà níwájú sípíkà, kí ìró má baà máa yí po láàárín wọn títí yóò fi máa han.

Ní ìlú bí Ìwó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí Yunifásítì Bowen wà, ariwo òjò lórí páànù àti ti jẹnẹrétọ̀ tún wà lára ohun tó yẹ kí akọ́lé rò. Àjà tó nípọn lábẹ́ páànù àti jẹnẹrétọ̀ tó jìnnà sí gbọ̀ngàn ń dín méjèèjì kù, ó sì rọrùn láti ṣètò wọn kí wọ́n tó kọ́ ilé ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.