Onígi Kì í Ṣe Onílẹ̀: Ìtàn Ìdílé Àgbẹ̀ Kòkó ní Agbègbè Ìkirè àti Àpòmù

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ètò yìí ni ìtàn àwọn ìdílé tí wọ́n fi ìlú wọn sílẹ̀, tí wọ́n lọ dá oko kòkó sínú igbó tí kì í ṣe ti baba wọn. Ìtàn ogun àti ti ọba pọ̀ nínú ìwé wa. Ìtàn àgbẹ̀ kò tó nǹkan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé lónìí, owó kòkó ni ó rán wa nílé ìwé.

Agbègbè Ìkirè àti Àpòmù ni a ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. Ojú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ni ìlú méjèèjì wà, létí igbó tí kòkó fẹ́ràn. Kí kòkó tó dé rárá ni àlejò ti ń wọ ibẹ̀. Ọjà Àpòmù lókìkí gan-an láyé àtijọ́. Ìtàn sì sọ pé ìjà lórí ataare nínú ọjà náà wà lára ohun tí ó fa Ogun Òwu ní àwọn ọdún 1820. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, àwọn tí ogun lé kúrò nílé wá fi ara pamọ́ sí Ìkirè, Àpòmù, Ìpetumodù àti Ilé-Ifẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àlejò àti onílẹ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú kòkó.

Ní 1886 ni a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó parí Ogun Kírìjì, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní bùdó. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ogun lọ ní láti wá ohun tí wọn yóò máa ṣe. Àsìkò yìí gan-an ni kòkó ń bọ̀ láti ìhà Èkó. J.P.L. Davies ti dá oko kòkó sí Ìjọn ní nǹkan bí 1880. Lẹ́yìn rẹ̀, J.K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá oko ńláńlá sí Agége. Àwọn tí wọ́n ti òkè wá ṣe lébìrà ní Agége kò gba owó nìkan padà sílé. Wọ́n mú irúgbìn kòkó lọ́wọ́, wọ́n sì ti mọ bí a ṣe ń gbìn ín.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀ káàkiri. Baba ìdílé yìí ti ìlú ọ̀dàn wá, bí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Èjìgbò, ní àwọn ọdún 1930. Kì í ṣàdédé wọ igbó. Ará ìlú rẹ̀ tí ó ti ṣáájú dé ni yóò mú un lọ sọ́dọ̀ olórí ìdílé tí ó ni ilẹ̀. Wọn yóò gbé obì àti ọtí kalẹ̀. Onílẹ̀ yóò fi odò kan tàbí igi pèrègún hàn án gẹ́gẹ́ bí ààlà. Àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Ìwé kò sí.

Ọdún kìn-ínní, yóò ṣán igbó, yóò sun ún, yóò gbin iṣu, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ kòkó. Ẹ kíyè sí ohùn: kókò ni oúnjẹ, kòkó ni owó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ń ṣíji bo kòkó kéékèèké kí oòrùn má baà pa wọ́n, nítorí náà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í wọ́n ní oko kòkó. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi yani lẹ́nu pé agbègbè yìí ni dòdò Ìkirè, tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n kọjá ààlà ṣe, ti gbajúmọ̀. Kòkó àtijọ́ náà máa ń tó ọdún márùn-ún sí méje kí ó tó so dáadáa. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, iyàwó àti ọmọ ni òṣìṣẹ́. Àgbẹ̀ a máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àáró. Ẹ̀yìn tí owó dé ni wọ́n ń gba lébìrà láti ilẹ̀ Ẹ̀bìrà àti Àgátú. Obìnrin ni ó sábà ń kó kòkó jọ, tí ń sá a, tí ń rù ú lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ọkọ ni a fi ń pe oko.

Wàyí o, ta ni ó ni oko náà? Ìdáhùn àwọn baba wa rọrùn: ẹni tí ó gbin igi ni ó ni igi, ìdílé tí ó ni ilẹ̀ ni ó ni ilẹ̀. Àlejò lè ká kòkó, ó lè fi oko dógò, ó lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gé e fún àlejò mìíràn láìjẹ́ kí onílẹ̀ gbọ́. Lọ́dọọdún ni yóò san ìṣákọ́lẹ̀: irè oko ni wọ́n kọ́kọ́ ń san, nígbà tí ó yá, ó di kòkó tàbí owó. Lójú onílẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́ ìjẹ́wọ́ pé àlejò kò gbàgbé ẹni tí ó gbà á.

Bí a bá fi èyí wé ti ibòmíràn, yóò túbọ̀ yé wa. Láti 1825, fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ará Nọ́wè tí wọ́n ṣí lọ sí Amẹ́ríkà tó nǹkan bí 800,000. Púpọ̀ nínú wọn lọ ṣe àgbẹ̀ ní pápá gbalasa àárín ilẹ̀ náà, níbi tí igi ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn fi ògúlùtu ilẹ̀ tí koríko hù sí kọ́ ilé. Eéṣú jẹ oko wọn run ní àwọn ọdún 1870. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n ṣe ní 1862 gba ìdílé láyè láti gba 160 éékà. Bí wọ́n bá gbé ibẹ̀ tí wọ́n sì dáko fún ọdún márùn-ún, ìjọba a fún wọn ní ìwé, ilẹ̀ a di tiwọn. Ohun kan wà lẹ́yìn ìwé yẹn: ọwọ́ àwọn Dakota àti àwọn onílẹ̀ mìíràn ni ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Níbẹ̀, àlejò gba ilẹ̀, wọ́n lé onílẹ̀ lọ. Níhìn-ín, onílẹ̀ kò kúrò, àlejò sì gba igi. Tiwọn ní ìwé, tiwa ní májẹ̀mú ẹnu.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Abà ni àgbẹ̀ wa ń gbé, ṣùgbọ́n ìlú rẹ̀ ni ó kọ́ ilé páànù sí, ibẹ̀ ni ó ń ṣe ọdún, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń sin ín sí. Èyí tí ó kù nínú owó ni ó fi rán ọmọ nílé ìwé. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, owó kòkó kún ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ilé Kòkó tí a parí ní Ìbàdàn ní 1965 ń jẹ́rìí sí i. Síbẹ̀, owó tí àjọ tí ń ra kòkó san fún àgbẹ̀ kò tó iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Èyí àti owó orí wà lára ohun tí ó bí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969. Nígbà tí Sara Berry kọ ìwé lórí irú àwọn àgbẹ̀ aṣíkiri wọ̀nyí ní 1985, *Fathers Work for Their Sons* ni ó pè é: baba ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí baba ṣiṣẹ́ fún kò padà sí oko mọ́.

Ìgbà tí baba kú ni ọ̀rọ̀ tó le. Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kí ó má ní ààlà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ààlà ti lọ. Bí wọ́n bá pín oko ní ìdí-igi, àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan yóò gba tiwọn. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba ìpín rẹ̀, oko yóò sì dín kù títí. Àwọn ọmọ onílẹ̀ pẹ̀lú kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n jẹ obì májẹ̀mú. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Àwọn kan sọ pé ìṣákọ́lẹ̀ ti parí nìyẹn. Ní 1991, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé òfin náà kò pa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ lórí àlejò rẹ̀ rẹ́. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ wà lára ohun tí ó dá ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ sílẹ̀ ní 1981, àti láti 1997 sí 2000. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jó, oko kòkó sì di igbó.

Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Májẹ̀mú àwọn baba wa kò burú: ó fún ẹni tí kò nílẹ̀ ní oúnjẹ, kò sì sọ onílẹ̀ di àlejò. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé inú orí àwọn arúgbó ni a tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí abà baba wọn. Kí wọ́n béèrè ẹni tí ó fi ilẹ̀ han baba ńlá wọn, àwọn tí ó ṣe ẹlẹ́rìí, ohun tí wọ́n ń san, ibi tí pèrègún wà. Kí wọ́n béèrè ní ilé onílẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ apá méjèèjì sílẹ̀.

Ìbéèrè tí a ó gbé síwájú àwọn àlejò wa lórí ètò yìí nìyí: ọmọ tí a bí sí abà, tí ọmọ rẹ̀ náà tún bí ọmọ síbẹ̀, ìran mélòó ni yóò gbé ilẹ̀ kan kí a tó dẹ́kun pípè é ní àlejò?